Tẹ́ ẹ bá ń wa kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lójú òkun, ibo lẹ fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń pe ìrànlọ́wọ́ sí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tó ń dun èmi jù: ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá tì sínú ihò ẹ̀yìn kayak, ilé lẹ fi í sí. Tí kayak bá dojú dé, tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, nǹkan tó wà lára yín nìkan ló kù, torí náà àpò láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ sì fokùn so ó, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń léfòó o.

Fóònù ńkọ́? Ẹ mú un dání, nínú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀, àmọ́ ẹ má gbára lé e. Ìka tó ti tutù, ojú fóònù tó ti rin fún omi iyọ̀, ẹ máa tẹ ọ̀kan, òmíì á ṣí, ká má tíì sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Rédíò VHF alágbèéká, ìyẹn rédíò táwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, lèmi kì í fi sílé, torí tẹ́ ẹ bá pe Mayday, ìyẹn igbe ìrànlọ́wọ́, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 16, ọkọ̀ tó wà nítòsí náà lè gbọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ etíkun nìkan. Àwọn tó ń tà á á máa pariwo wáàtì 5, wáàtì 6, àmọ́ gíga eríàlì lọ̀rọ̀ wà. Ìgbì VHF ò mọ bí wọ́n ṣe ń yà gba ẹ̀yìn òkè, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, ẹni tó jókòó sínú kayak sì rèé, orí ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà kan lọ sókè omi, kayak sí kayak lè má ju máìlì mélòó kan lọ. Ẹ jẹ́ kí eríàlì nàró, kẹ́ ẹ dúró kí ìgbì omi gbé yín sókè kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Èyí tó ní DSC, ìyẹn ètò tó ń fi ìpè pàjáwìrì ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀, ló dáa jù, bọ́tìnì pupa ẹ̀ máa ń fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 70, tẹ́ ẹ bá ti tẹ MMSI yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rédíò yín, sí i ṣá.

Tẹ́ ẹ bá máa jìnnà sétíkun, ẹ fi PLB, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì pàjáwìrì ránṣẹ́, kún un. 406 MHz ló fi ń pe sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, èyí tó wà fún wíwá àwọn tó wà nínú ewu, kò béèrè owó oṣooṣù, bátìrì ẹ̀ á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ omi, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ bo ibi tí GPS ẹ̀ wà, ojú ọ̀run ló fẹ́ máa wò.

IPX7 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú 30 nínú omi tí ò ju mítà kan lọ ni wọ́n fi dán an wò, kò sọ nǹkan kan nípa iyọ̀ tó ń jẹ ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣájì. Ẹ fi omi tí ò níyọ̀ ṣan án tẹ́ ẹ bá dé.

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ lọ síbi tómi ò ti jìn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ já bọ́ sómi, ẹ wá fọwọ́ kan yọ rédíò láìwò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ témi dán an wò, okùn ẹ̀ ti lọ́ mọ́ àjẹ̀, eyín ni mo fi fà á jáde. Ti PLB, bọ́tìnì ìdánwò nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ o, ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ó ń jẹ bátìrì. Ẹ bá mi wo déètì tó wà lára bátìrì náà nísinsìnyí.