Igbá Màmá: bí mo ṣe kọ ìtàn ayé ìyá ọkọ mi

Ọjọ́ kẹta tí Màmá papòdà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà pè mí láti Èsìẹ́. Mo ṣì wà nínú mọ́tò láàárín Kúbwá sí Berger ní Àbújá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dá wa dúró. "Ìyàwó," wọ́n ní, "ìwọ lo mọ̀wé kọ nínú wa. Bá wa to ìtàn Màmá fún ìwé ètò ìsìnkú. Ojú ìwé méjì ti tó." Mo ní ẹ ṣé, sà. Kí ni ìyàwó ilé tún fẹ́ sọ?

Kí n tó délé, wọ́n ti fi èyí tí àwọn ọmọ kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìlà mẹ́rin péré ni Màmá ní níbẹ̀: ìyá rere, aláàánú, olùfẹ́ Ọlọ́run, ọlọ́mọ púpọ̀. Gbogbo ìyókù jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ, oyè tí wọ́n jẹ, àti ìlú òyìnbó tí àwọn ọmọ-ọmọ ń gbé. Ẹ yọ orúkọ Màmá kúrò, kí ẹ fi ti ìyá tèmi síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Òkè pátápátá ni wọ́n kọ "ẹni ọdún 102" sí.

Ọjọ́ orí yẹn ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n wa tó pè mí yìí ni àkọ́bí Màmá, ẹnu ara wọn ni wọ́n sì fi máa ń sọ pé ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ìyẹn 1956, ni wọ́n bí àwọn. Tí Màmá bá wá jẹ́ ẹni ọdún 102, a jẹ́ pé wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó gbọ́ igbe ọmọ àkọ́kọ́. Lábúlé, láyé ìgbà yẹn? Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ mọ́tò Ìlọrin ní Jabi, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó dé Èsìẹ́. Ìlú Ìgbómìnà kékeré ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Kwara. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde, ilé tí wọ́n sì ṣí fún àwọn ère náà ní 1945 ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mi ò wá wo ère o. Ṣùgbọ́n ère yìí náà ló bá mi yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

Ọ̀rẹ́ Màmá kan ṣoṣo ló kù láyé, Ìyá Aláró. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ṣe àṣìṣe lójú ẹsẹ̀: mo béèrè ọdún wo ni wọ́n bí Màmá.

"Ọdún tí wọ́n bí wọn ni."

Mo jókòó. Mo jẹ́ kí wọ́n mu ẹ̀kọ tán. Mo wá béèrè eré tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe ní kékeré, ojú wọn sì là. Wọ́n ní àwọn pọnmi fún àwọn tó ń kọ́ ilé ère, àwọn sì ń gba ẹ́pìnnì. Mo ní, "Ṣé ẹ ti di wúńdíá nígbà yẹn, mà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Wúńdíá kẹ̀! Àyà wa ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ká sọ pé mẹ́sàn-án, lágbègbè 1945. Mo ṣe ìṣirò sẹ́yìn ìwé, ó gbé mi dé nǹkan bí 1937. Ìgbà tí wọ́n wá bí àkọ́bí, wọ́n á ti tó bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó bára mu. Ẹ fi sọ́kàn tí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ béèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe, ọdún á tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, èlùbọ́. Àwọn ọmọ kọ "oníṣòwò" wọ́n sì kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ èlùbọ́ ni wọ́n fi rán gbogbo wọn níléèwé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kejì, tó bá Màmá ṣe é fún ọdún púpọ̀, ló mú mi lọ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ náà máa ń gbóná. Màmá á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ hó, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń wọn iná. Á sun inú omi mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, orí àpáta. Olúkúlùkù ló mọ ojú ibi tirẹ̀ níbẹ̀, kò sí àlà tí ẹnikẹ́ni fà. Tí Màmá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, wọ́n á ṣẹ́ ẹyọ kan létí: tó bá dún kọ́, ó yá, tó bá dún pẹ̀, ẹ dá a padà sóòrùn. Mo kọ "kọ́" àti "pẹ̀" méjèèjì sínú ìtàn náà. Ẹnì kan nínú ẹbí ní kò bá ìwé ṣọ́ọ̀ṣì mu. Mo fi í síbẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo ni Màmá wá kí wa ní Kúbwá, ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò. Wọ́n ní ilé dára, iná wà (ọjọ́ ire ni wọ́n bá NEPA), ṣùgbọ́n wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n lọ sí gééètì, wọn ò rí ẹni kí. Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n ti di ẹrù.

Èyí tí mi ò retí ni ọ̀rọ̀ Kùmásì. Àwọn ọmọ mọ̀ pé àwọn òbí wọn gbé Ghana rí. Wọn ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Aláró náà wà níbẹ̀. Aṣọ ni Màmá ń tà, láwìn púpọ̀. November 18, 1969 ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. (Báàgì tí a ń pè ní Ghana-Must-Go, ti 1983 nìyẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà tí àwa náà lé wọn.) Ọ̀sẹ̀ méjì: àwọn tó jẹ Màmá ní gbèsè kò ṣe ju pé kí wọ́n fara pamọ́ lọ. Màmá kò mọ̀wé. Inú igbá ni wọ́n fi ọ̀bẹ kọ gbèsè sí, oníkálukú ní ìlà tirẹ̀, ojú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan lára ìlà jẹ́ ọ̀pá aṣọ kan. Igbá yẹn ni wọ́n gbé bọ̀ wálé, òun náà ni wọ́n sì fi ń wọn èlùbọ́ títí wọ́n fi kú. Ọkọ mi fi igbá yẹn ṣeré ní kékeré. Ó rò pé iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi ọ̀bẹ ṣe sí i.

Ní ti 1937, ẹ̀gbọ́n wa kò fẹ́. "Ìyàwó, pátákó ti jáde, 102 ni gbogbo ayé kà." Mo ní kí pátákó máa jẹ́ ti pátákó, sà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní tó bá jẹ́ inú ìwé ni, kò burú, ta ló ń ka inú?

Kí n tó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, mo pe ọmọ-ọmọ Ìyá Aláró lórí fóònù kó gbé e fún wọn, mo ka gbogbo rẹ̀ sí Ìyá Aláró létí. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi parí.

"Ìlà tó gùn jù nínú igbá yẹn," wọ́n ní, "ti ta ni o kọ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Tèmi ni. Ọ̀pá méje."

Mo ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ sí i, mà?"

"Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé mo ti san mẹ́ta."