Bí mo ṣe kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Olúmọ

Ó ti pẹ́ tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin dí mi létí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n. Ọ̀nà Mọ́níyà la máa ń gbà lọ kí màmá mi, ìgbàkúgbà tí fèrè ọkọ̀ yẹn bá sì ti dún, ariwo á sọ nínú mọ́tò: "Mọ́mì, ìgbà wo ni àwa náà máa wọ̀ ọ́?" Ìdòwú, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, á gbè é lẹ́yìn wọn, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Tẹ́lẹ̀, tí ìsinmi bá dé, ibi ìṣeré tí wọ́n ti ń fò lórí ọ̀rá ńlá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni mo máa ń kó wọn lọ. Owó á lọ, wọ́n á fò, wọ́n á làágùn, ṣùgbọ́n tí a bá ti délé, kì í sí ohun tí a jọ ń sọ nípa rẹ̀ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ ibi tí èmi náà á ti rí nǹkan wò, tí ìtàn á sì wà níbẹ̀ tí mo lè pa fún wọn. Ẹ̀gbá ni bàbá wọn, ọmọ Líṣàbí, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú kan Olúmọ rí. Mo bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: ká wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, ká gun Olúmọ, ká sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà.

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí bàbá wọn ráyè lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ àbúrò mi obìnrin pé kó tẹ̀ lé wa. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá kó ọmọ mẹ́ta tó kéré báyìí jáde. Ọwọ́ méjì péré ni ènìyàn ní, ọ̀kan sì ti di báàgì mú.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ti lọ béèrè ní ibùdókọ̀ ojú irin Mọ́níyà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Mo fẹ́ mọ aago tí ọkọ̀ òwúrọ̀ ń gbéra, aago tí ti ìrọ̀lẹ́ ń kọjá ní Abẹ́òkúta, àti iye tí wọ́n ń gbà lórí ọmọdé. Ẹ fẹnu ara yín béèrè bí ẹ bá fẹ́ lọ, nítorí àkókò àti owó ọkọ̀ a máa yí padà. Ibẹ̀ náà ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wa ti àlọ àti ti àbọ̀, kí n má baà wá máa tò sórí ìlà láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Lálẹ́ Ẹtì, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ata rẹ̀ ò pọ̀, mo se ẹyin, mo di ṣíńṣín sínú ike. Mo kó aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo mú póò kékeré Ìdòwú, mo wé e sínú ọ̀rá. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹ fẹ́ gbé póò lọ sí Abẹ́òkúta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, òun gan-an ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú ọ̀já pẹ̀lú. Ìdòwú ti kúrò ní ọmọ tí à ń pọ̀n kiri, ṣùgbọ́n òkè la fẹ́ gùn, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ ṣófo. Ohun tí mo ṣe kẹ́yìn kí a tó jáde nílé ni pé mo fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ apá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ọkọ̀ gbéra. Mo ti rò pé wọ́n á máa pariwo, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ rọra yọ, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, ńṣe ni àwọn ọmọ mi dákẹ́ lọ gbári. Kẹ́hìndé fi iwájú orí ti gíláàsì fèrèsé, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí a fi kọjá Omi-Àdìó. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó ní òdìkejì wa. Táíwò dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárín ìjókòó, wọ́n ṣàdúrà fún un títí, wọ́n ní, "Ìyá ìbejì, o ṣé tí o kọ́ wọn." Wọ́n sọ fún wa pé ní Dùgbẹ̀ làwọn ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà èwe àwọn, èyí tí ń fọn èéfín lójú ọ̀nà. Ìlà àtijọ́ yẹn dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901. Tuntun tí a wọ̀ yìí, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn.

Inú ọkọ̀ ni mo ti pa ìtàn náà fún wọn, torí mo ti mọ̀ pé tí a bá dé orí òkè, etí wọn ò ní sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ní nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó níjọ́un, Ìbàdàn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn sá wá, ara ò sì rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn kúrò, wọ́n forí lé abẹ́ òkúta ńlá kan. Kẹ́hìndé bi mí pé, "Ṣé ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀?" Mo ní rárá o, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí. Ó yí ojú padà sí fèrèsé, ó ń wo igbó. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.

Nǹkan bí wákàtí kan la lò kí a tó sọ̀ ní Ladérìn, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ẹ fi èyí sọ́kàn: Ladérìn kò sí láàárín ìlú. A wá táksí, a ní dúrópù la fẹ́, a dúnàá dúrà, ó gbé wa dé ẹsẹ̀ Olúmọ ní Ìkìjà. Wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ti ọmọdé kò tó ti àgbà. Ọkùnrin kan tó mọ ibẹ̀ dáadáa ló mú wa káàkiri. Sùúrù tó ní pẹ̀lú ọmọdé, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ àtẹ̀gùn àti ẹsẹ̀ ara wa la yàn, nítorí ìgùngùn yẹn gan-an ni eré àwọn ọmọ. Kò pẹ́ tí a fi dé ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí nígbà ogun. Èmi bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé, àwọn ọmọ kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Inú rẹ̀ tutù bíi ìdí àmù. Lórí àpáta ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ihò róbótó wà. Ìdòwú ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ sè nígbà ogun. Mo fi ọwọ́ mi kàn án náà: ó ń dán, ó jọ̀lọ̀, ó dà bíi inú abọ́ tánganran. Ọwọ́ àwọn ìyá ló fá òkúta dé ibẹ̀ yẹn.

Táíwò bá mú òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, ó já ewé sínú ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Kẹ́hìndé ń bu omi díẹ̀díẹ̀ láti inú ike rẹ̀ sí i. "Mọ́mì, ata wọn ńkọ́? Ta ló lọ ra ata nígbà tí ogun wà níta?" Mi ò mọ èsì ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin yẹn jókòó tì wọ́n, ó bi Táíwò léèrè pé tó bá jẹ́ pé òun ni, kí ni ì bá ṣe. Ó ní alẹ́ lòun máa jáde, nígbà tí àwọn jagunjagun bá ti sùn. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi wà lórí ihò kan ṣoṣo yẹn. Àwọn èrò mìíràn ń dé, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń kọjá. Ó ti wà lẹ́nu mi kí n sọ pé "ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ òkè," inú mi dùn pé mo gbé e mì.

Mo pọn Ìdòwú kí a tó kọjú sí ibi tó ga. Ọ̀já yẹn dára lọ́jọ́ náà ju ohun gbogbo tí mo gbé lọ. Ibì kan wà láàárín àpáta méjì tó há, tó sì dàgẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀: bàtà òde tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ ni mo wọ̀ fún un, torí pé ó bá gáùn rẹ̀ mu. A bọ́ ọ. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, èmi wà lókè, a ní kó máa fi ìka ẹsẹ̀ wá ibi tó rí gbágungbàgun. Ó gùn ún. Nígbà tí a ń bọ̀ wálẹ̀, ó kọjú sí àpáta, ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ bí ẹni ń sọ̀ lórí igi, ẹ̀rù ò bà á mọ́. Bàtà ìdárayá onírọ́bà ni kí ẹ wọ̀ fún wọn, kí ẹ sì tètè lọ, nítorí tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú àpáta yẹn, ẹsẹ̀ lásán ò lè tẹ̀ ẹ́.

Ní òkè téńté, tó jẹ́ mítà 137 sí ojú òkun, a rí òrùlé páànù tó ti pupa lọ kitikiti, a rí odò Ògùn, a rí ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's tó wà ní Aké. Èmi àti àbúrò mi wò títí. Àwọn ọmọ wò fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. A sọ̀ kalẹ̀, a tẹ́ aṣọ sábẹ́ ibòji, wọ́n jẹun. Póò ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjà Ìtòkú kò jìnnà, mo sì fẹ́ ra adìrẹ. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo ń wo adìrẹ ẹlẹ́kọ kan báyìí, aró rẹ̀ dúdú minimini, mo yíjú, Kẹ́hìndé ló di aṣọ mi mú, mi ò rí Táíwò. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ aṣọ yẹn kalẹ̀. Àbúrò mi gba ọ̀tún, èmi gba òsì, Ìdòwú ń ké lẹ́yìn mi. Àyà mi ń lù kìkì. Fóònù mi dún. "Ìyá ìbejì, ẹ má bẹ̀rù, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi. Nọ́ńbà apá rẹ̀ ni mo fi pè yín." Ìyá kan tó ń ta aṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà péré sí wa. Mo bá a lórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá náà nínú eruku. Wọ́n ní kí n dìde, pé gbogbo wa la jọ ń tọ́ ọmọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ra adìrẹ mi, mi ò sì ná an.

Mo ti ní in lọ́kàn pé a máa ya Aké, a máa wo àfin, a máa jẹ ọ̀fàdà lọ́dọ̀ olóúnjẹ. A fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A padà sí Ladérìn nígbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣì kù bíi wákàtí méjì, mo tẹ́ ìró mi sórí ìjókòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn lọ fọnfọn. Ìsinmi yẹn ló jẹ́ kí àbọ̀ wa tura. Tí mo bá tún lọ, òkè náà nìkan ni mo máa lọ wò, màá fi Ìtòkú sílẹ̀ di ọjọ́ tí èmi nìkan bá dá wá.

Bàbá wọn wá pàdé wa ní Mọ́níyà lálẹ́. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Kò sí ẹni tó dárúkọ odò Ògùn tàbí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti fi ń yọ mí lẹ́nu látọdúnmọ́dún. "Dádì, ọlọ wà nínú àpáta! Inú ilẹ̀ ni!" Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìnkùlé. Táíwò ló kúnlẹ̀ ti sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga, ó ń fi òkúta lọ ewé ẹ̀fọ́, Kẹ́hìndé ń bu omi sí i, Ìdòwú sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, igi lọ́wọ́, ó ní òun ń ṣọ́ àwọn ọmọ ogun. Mo ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní ọjà Bódìjà pé kó bá mi wá ọlọ kékeré kan pẹ̀lú ọmọ ọlọ rẹ̀. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n wá gbé e.