Bí Mo Ṣe Kó Àmì Ohùn Yorùbá Wọ Inú Super Mario Bros.

Super Mario Bros., géèmù fídíò tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Gbólóhùn tí gbogbo ẹni tí ó ti gbá a mọ̀ jù ni èyí tí ìránṣẹ́ ààfin máa ń sọ nígbà tí ènìyàn bá ti sá kọjá iná Bowser, ọ̀gá àwọn ọ̀tá, tán: THANK YOU MARIO! BUT OUR PRINCESS IS IN ANOTHER CASTLE! Mo fẹ́ kí ìránṣẹ́ náà sọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn tí ó pé, láìfi báìtì kan ṣoṣo kún géèmù náà.

Ìdí tí mo fi fi òté yìí de ara mi ni pé kátíríìjì náà kò ní àyè. Irú èyí tí ó rọrùn jù lọ lórí NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, ni: kílóbáìtì 32 fún ètò, kílóbáìtì 8 fún àwòrán, àwọn tí wọ́n ṣe é sì ti lo ti ètò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fi ẹ̀rọ tí ń ka kátíríìjì da tèmi sínú kọ̀ǹpútà, mo sì rí fáìlì báìtì 40,976, nítorí pé báìtì 16 tí emulator, ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe bí ẹ̀rọ NES, nílò láti mọ irú kátíríìjì tí ó jẹ́ ni ó máa ń wà níwájú.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ bí géèmù náà ṣe ń kọ lẹ́tà. Bí ènìyàn bá wá THANK nínú fáìlì náà bí a ti ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, kò ní rí nǹkan kan, torí nọ́ńbà táìlì, ìyẹn àwọn àwòrán kéékèèké tí géèmù fi ń to ojú tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ṣí géèmù náà nínú FCEUX, ọ̀kan lára àwọn emulator, mo ṣí fèrèsé tí ń fi táìlì ojú tẹlifíṣọ̀n hàn, mo sì gbé mọ́ọ̀sì lé orí àwọn lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú oǹkà onímẹ́rìndínlógún tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lò, 00 sí 09 ni nọ́ńbà, 0A ni A, 23 ni Z, 24 ni àlàfo, 2B sì ni àmì ìyanu. THANK di 1D 11 0A 17 14. Nígbà tí mo wá àwọn báìtì márùn-ún yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jáde: ọ̀kan fún Mario, ọ̀kan fún Luigi, ọ̀rọ̀ nípa ọmọba sì tẹ̀ lé wọn gẹ́ẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà to ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀. Báìtì méjì àkọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa jókòó sí lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀kẹta sọ iye táìlì, àwọn táìlì fúnra wọn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìlà mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́nà kan náà, títí 00 yóò fi sọ pé ó parí. Ìlà kan lè jẹ́ táìlì kan péré, ó sì lè jókòó sí ibikíbi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àmì ohùn ṣeé ṣe: kí n kọ lẹ́tà sí ìlà tirẹ̀, kí n sì fi àmì sí ìlà tí ó wà lókè rẹ̀, èyí tí ó ṣófo nínú yàrá ìránṣẹ́ náà.

Ó ku táìlì tí mo máa fi ya àwọn àmì náà. Èdè Yorùbá kò lo C, Q, V, X àti Z. Ohun tí mo nílò ni Ẹ, Ọ, Ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Márùn-ún sí márùn-ún! Mo sọ C di Ẹ, Q di Ọ, X di Ṣ, V di àmì òkè, Z sì di àmì ìsàlẹ̀. Àmì tí a fi ń sọ iye owó ẹyọ, tí ó jọ X, ní táìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Yíya wọn gba sùúrù ju bí mo ti rò lọ. Táìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ píkísẹ̀lì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró, báìtì 16 ni ó sì ń gbà. Ti C bẹ̀rẹ̀ ní 90D0 nínú fáìlì náà. Lẹ́tà inú géèmù yìí ga tó píkísẹ̀lì méje, ọ̀kan ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ṣófo, nítorí náà bí a bá kan fi àmì sí abẹ́ E, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì dà bí ẹ̀gbin. Mo ní láti gé lẹ́tà náà kù sí píkísẹ̀lì mẹ́fà, kí n fi ọ̀kan ṣe àlàfo, kí ìkẹyìn sì jẹ́ ti àmì. Ẹ rọrùn, Ọ kò burú, Ṣ ni ó le, torí S ní ìyípo méjì tí kò fẹ́ fún pọ̀. Píkísẹ̀lì méjì ni mo fi ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo máa ń pòórá lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́.

Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ gan-an, mo fi Ẹ kí Mario. Ìránṣẹ́ ààfin kò ní wo jagunjagun tí ó wá gbà á là lójú kó pè é ní ìwọ. Mo sì yọ orúkọ kúrò, mo fi “akọni” rọ́pò rẹ̀, kí ìkíni kan lè tó fún Mario àti Luigi. Báyìí ni ó rí:

25 48 0B 0C 24 21 0E 24 0A 14 1A 17 12 2B
25 2B 01 1F
00

Ìlà àkọ́kọ́ ni ẸṢE AKỌNI! pẹ̀lú àlàfo láàárín Ẹ àti Ṣ. Ìlà kejì fi àmì òkè kan ṣoṣo lé orí E. Báìtì 19 ni gbogbo rẹ̀. Ìkíni Mario àtijọ́ jẹ́ 20, ti Luigi 20, ọ̀rọ̀ ọmọba 44, èyí tí ó jẹ́ 84 lápapọ̀, nítorí náà 65 ṣẹ́ kù fún gbólóhùn kejì: ṢÙGBỌ́N ỌMỌBA WA WÀ NÍ lókè, ÀÀFIN MÍRÀN! nísàlẹ̀. Láìsí àmì ohùn, “WA WA” yóò kàn máa da òǹkàwé láàmú. Mo to àwọn àmì náà ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ dípò ìlà gígùn kan, torí pé àlàfo náà ń jẹ báìtì. Lẹ́tà òkè gba 24, àmì rẹ̀ 14. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ gba 15, àmì rẹ̀ 11. Òdo ìparí gba 1. Ó pé 65 géérégé.

Níwọ̀n bí gbólóhùn kejì ti sún kúrò ní àyè rẹ̀, mo ní láti tún atọ́ka rẹ̀, nọ́ńbà tí ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, ṣe. Géèmù náà ní àtẹ méjì fún èyí, ọ̀kan fún ìdajì ìsàlẹ̀ àdírẹ́sì, èkejì fún ìdajì òkè. Mo darí atọ́ka Luigi sí ìkíni Mario, mo sì darí ti ọmọba sí àyè tuntun.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kò pẹ́. WORLD di IPELE, TIME di AAGO, TIME UP di AAGO LU tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, GAME OVER sì di ERE PARI. N kò fi àmì ohùn sí àwọn wọ̀nyí, nítorí pé kò sí àyè, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́.

Láti dán an wò, mo ti iye ẹ̀mí pa mọ́ ojú kan ní àdírẹ́sì 075A nínú mẹ́mọ̀rì, mo gbá géèmù náà dé àáké tó wà ní ìparí afárá ààfin àkọ́kọ́, 1-4, mo sì fi ipò náà pamọ́ kí n lè máa padà sí i. Báìtì 0753 ni ó ń sọ bóyá Mario tàbí Luigi ni ó ń gbá; mo yí i sí 1, ìkíni kan náà sì jáde fún Luigi.

Ohun tí mo fún àwọn ọ̀rẹ́ kì í ṣe géèmù náà, torí kì í ṣe tèmi láti pín. Fáìlì IPS ni, tí kò ní ju àwọn báìtì tí mo yí padà àti ibi tí wọ́n wà lọ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà tirẹ̀ ni yóò fi lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí ọmọba fúnra rẹ̀ sọ ní ìpele 8 àti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ó kù. Ti ojú ìwé àkọ́kọ́ yàtọ̀, nítorí pé inú chip àwòrán ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí, ètò náà sì ń lọ kà á níbẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó. Lẹ́tà 13 ni 1 PLAYER GAME ní pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, ERE ẸNI KAN sì jẹ́ 11.