Ṣájà Tó Kàwé Jù: Bí Mo Ṣe Bọ́ Ìpáàrà Lára Irin Ẹ́ńjìnnì Màmá Mi

₦18,000 ni mo san fún ọkùnrin tó ní òun máa bá mi fọ ẹ́ńjìnnì ọlọ ata Màmá mi. Lister onídíísù ni, irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti òpin ọjà. Òjò wọ ìsọ̀, ẹ́ńjìnnì jókòó oṣù mẹ́ta láì ṣiṣẹ́, gbogbo ara rẹ̀ dógùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni yìí gbé gíráńdà jáde, ó lọ ojú ìdérí sílíńdà, ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí èéfín ń jókòó gan-an, títí ó fi dán bíi dígí. Ó dán lóòótọ́, àmọ́ ó ti ní kòtò. A dè é padà, èéfín ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo tún gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ìyẹn náà gba owó tirẹ̀ kó tó tẹ́jú. Mo ní àwọn irin tó kù, èmi fúnra mi ni màá fọ̀ wọ́n, gíráńdà kankan ò sì ní kàn wọ́n.

Electrolysis ni mo fi ṣe é, kò sì le lọ títí: omi, sódà, àti iná bíi ti bátìrì. Omi lítà 16 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sódà ìfọṣọ. Nígbà tí mo bèèrè sódà yìí lọ́jà, kọ́ọ́sítíkì àwọn ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń nà sí mi, èyí tó ń jó ara. Mo kúkú ra sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, mo yan án nínú ìkòkò gbígbóná fún wákàtí kan, ó di èyí tí mò ń wá. Ẹnìkan ní kí n lo káún. Iyọ̀ máa ń wà nínú káún, bí iná bá sì gba inú omi iyọ̀ kọjá, gáàsì klórínì ló ń tú jáde, májèlé ni. Ọ̀pá irin ìkọ́lé mẹ́rin ni mo tò yí bọ́kẹ́ẹ̀tì ká fún wáyà pupa ṣájà bátìrì, ohun tó ń mú iná wá. Ẹ má fi síténlẹ́ẹ̀sì ṣe é o, omi yẹn á di májèlé. Irin tó dógùn-ún ló gba wáyà dúdú, ó wà láàárín, kò kan ọ̀pá kankan.

Ìdí ṣájà ni wàhálà wà.

Mo ra tuntun, ₦38,000, èyí tó ń kọ nọ́ńbà lójú. Mo so ó, mo tan án. Odo. Mo tú wáyà, mo tún un so. Odo. Mo fi sáńpépà ha ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi sódà kún sódà, mo pààrọ̀ wáyà. Odo! Lọ́jọ́ kejì mo gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ó so ó mọ́ bátìrì níwájú mi, ó ṣiṣẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Ó ní ọjà tí wọ́n bá ti tú nínú páálí, àwọn kì í gbà á padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló bá a lọ.

Bàbá tó ń ṣáájì bátìrì ní àdúgbò wa ló tú àṣírí ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ mi, ṣájà tìẹ yìí ti kàwé jù. Tí kò bá kọ́kọ́ rí bátìrì, kò ní tu iná." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú ṣájà yìí máa ń wò bóyá iná bátìrì wà lẹ́nu wáyà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi sódà kì í sì í ṣe bátìrì. Mo ní kí n tàn án jẹ, mo so bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ kan mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ wáyà méjì fara kanra, iná ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Háídrójìn ló ń ti ara irin hó jáde, gáàsì tó lè bú gbàù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìta gbangba ni mo wà. Mo tú u kíákíá.

Bàbá yá mi ṣájà tiwọn, tìránsífọ́mà lásán tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo tan án, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wuruwuru. Inú mi dùn débi pé mo pe Màmá wá wò ó.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru, síbẹ̀ nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìpáàrà ti di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì ń gbá kúrò. Mo pa ṣájà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo fọ mánífóòdù, ọ̀kan lára àwọn irin ẹ́ńjìnnì náà, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ dáhùn fóònù. Kí n tó dé, ó ti tún ń pọ́n! Àwọn tó kù, bí mo ṣe ń fi omi ṣàn wọ́n ni mò ń nù wọ́n gbẹ, tí mò ń fi ọ́ìlì pa wọ́n.

Aládùúgbò mi ti gbé kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá. Mo dá a padà, alumíníọ̀mù ni, omi sódà máa jẹ ẹ́. Sípíríǹgì fáfù náà, mi ò kì í bọ̀ ọ́ sínú omi yẹn, háídrójìn lè wọ inú irin líle bẹ́ẹ̀ kó di ohun tó ń ṣẹ́.

Ṣájà ọ̀mọ̀wé yẹn ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó bá ní bátìrì gidi, kó mú ₦25,000 wá.