Bí mo ṣe rọ epo pupa sígò tí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi dín mọ́

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́rin, onílítà 25, ni mo kó wọ Ìbàdàn láti Òkìtìpupa. Ọyẹ́ ń mú gan-an nígbà náà, epo ti dì gbagidi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń rọ epo máa ń fà á látinú àrọ irin ńlá, á sì tì í jáde bíi ti abẹ́rẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n kò lè fa epo tó dì. Mo bá gbé epo kaná, mo sẹ́ ẹ, mo sì ń rọ ọ́ nígbà tó ṣì wà ní 60°C.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epo tó kan ọrùn ìgò lálẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká. Kò sígò tó jò. Bí epo bá gbóná, á fẹ̀. Bó bá tutù, á sún kì. Lítà kan tí mo rọ ní 60°C á fi bíi mílílítà 20 dín. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún lọ́jà? Olè ni wọ́n máa pè mí, ó sì dùn mí wọra. Mo tú gbogbo rẹ̀ padà.

Mo fọ ìgò tuntun, mo da ojú wọn dé fún ọjọ́ méjì. Mo gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èyíkéyìí tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, mo yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí omi ló ń ba epo jẹ́. Ìgò ike òfìfo fúyẹ́, bí ẹnu ẹ̀rọ bá ti kàn án, ó ti ṣubú. Káfíńtà bá mi lu ihò 12 sára pákó kan, ihò kọ̀ọ̀kan gba ìdí ìgò pinpin. Mo fẹ́ràn pákó yẹn ju ẹ̀rọ gan-an lọ.

Epo lọ wọ́ọ́rọ́ sí 40°C kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìgò àkọ́kọ́ lórí pákó kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ní òfìfo àti ní kíkún: lítà kan epo gbọ́dọ̀ tó bíi gíráàmù 910. Ooru lè mú kí epo fẹ̀, kò lè fi kún ìwúwo rẹ̀. Bó bá dín, mo máa ń yí ìdè ẹ̀rọ náà díẹ̀.

Àbúrò mi dúró pẹ̀lú àkísà. Ẹ̀kán ìkẹyìn tó máa ń rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń nù ún kó tó kán sára ìgò, torí bébà orúkọ kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí epo bá wà.

Ìgò 96 ló jáde. A dé wọn pa, a tẹ́ wọn sórí páálí di àárọ̀. Mẹ́ta jò, ọmọrí wọn ni a pààrọ̀.

Màmá tó ń tajà nítòsí wa to mẹ́fà sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ojú epo láti ìgò kan dé ìkejì. “Ó dọ́gba,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n gbé páálí méjì wá.