Bí A Ṣe Ń Kọ Àròkọ GRE Kó Lè Gba Máàkì Gidi

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ gboyè kejì l'Amẹ́ríkà ló ń fi gbogbo ara kọjú sí ìṣirò GRE (ìdánwò ìgbaniwọlé fún oyè gíga), tí wọ́n á gbàgbé àròkọ. Bẹ́ẹ̀, àròkọ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ lọ́jọ́ ìdánwò. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n sì fún un. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 6.

Ka ìbéèrè náà dópin, pàápàá àṣẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè ní kí o fèsì sí ohun tí alátakò lè sọ, ó sì lè ní kí o wo ohun tí ìlànà kan máa bí. Bí o kò bá ṣe ohun tó ní kí o ṣe, Gẹ̀ẹ́sì gbankọgbì kò lè gbà ọ́.

Má tíì tẹ nǹkan kan. Fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún yan ibi tí o máa dúró sí, kí o sì kọ kókó méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹ̀rí ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ká ní wọ́n béèrè bóyá kí ìjọba sanwó yunifásítì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó. "Ẹ̀kọ́ dára fún ìlú" kò fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1955 ṣeé dì mú. Ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Sọ bó ṣe ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè sanwó. Kí o sì gbà pé olùkọ́ tó gbẹ̀kọ́ kò tó nígbà náà. Wá bi ara rẹ: ṣé ohun tó ṣeé ṣe ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣeé ṣe ní yunifásítì? Ìdáhùn rẹ sí ìbéèrè yìí ló ń gbé àròkọ kúrò ní 3 lọ sí 5.

Má há àròkọ ẹlòmíì sórí. Àjọ ETS, tó ń ṣe ìdánwò GRE, ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àròkọ wéra, wọ́n sì lè fagi lé èsì rẹ.

Gbogbo orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè mú nínú ìdánwò ló wà lórí ìkànnì ETS lọ́fẹ̀ẹ́. Mú ọ̀kan, ṣọ́ aago, kí o sì pa ohun tó ń tún sípẹ́lì ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ, torí kò sí i nínú ìdánwò. Fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ka ohun tí o kọ.