Katakata kékeré tòkunbọ̀: ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Èkìtì, ẹ kú oko o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra katakata kékeré tòkunbọ̀, irú Kubota, Yanmar àbí Iseki tí agbára ẹ̀ wà láàárín HP 15 sí 25, mo mọ̀ pé ẹnjìnnì lẹ máa kọ́kọ́ sáré lọ gbọ́, wọ́n á sítáàtì ẹ̀, á dún pupupu, inú yín á dùn, ẹ ó sì máa ka owó. Ẹ rọra ná. Ẹ bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, torí ẹ̀yìn yẹn ló máa bá yín ṣiṣẹ́ lóko.

Ẹ máa rí apá irin méjì nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè tí wọ́n ń pè ní top link, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ti ń so irinṣẹ́ mọ́ ọn. Ihò wọn ní sáìsì o. Ti ọ̀pọ̀ katakata kékeré, tí wọ́n ń pè ní Category 1, pínnì ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, tòkè jẹ́ 19. Ti ńlá, Category 2, jẹ́ 28 nísàlẹ̀ àti 25 lókè. Torí náà púláù onídíìsì mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n yín pa tì sẹ́yìn ilé látayé katakata ńlá Massey, tó ní kẹ́ ẹ wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní wọlé, tí wẹ́dà bá sì bá yín fi tipátipá mú un wọlé, HP 20 ò ní lè fà á, ṣe ni iwájú katakata á kàn máa gbé sókè bí ẹṣin tó ń bínú.

Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ra èyí tí rotavator ẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ ọlọ́bẹ tó ń yí láti tú ilẹ̀, ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ bó ṣe dé láti Japan. Oko ìrẹsì ni wọ́n dìídì ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ tí kì í sì í tètè rì sínú ẹrẹ̀ bíi ti ńlá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, ti yín rèé. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, ẹ má gbé rotavator wọ ibẹ̀, ọ̀bẹ ẹ̀ á kán dànù, ẹ sì mọ Èkìtì tiwa yìí, ibi tí àpáta ò bá sí, kùkùté á wà níbẹ̀. Ẹ hú u ná. Ti ebè iṣu, ẹ má tan ara yín, ọkọ́ ló ṣì ń kọ ebè tó lè gba iṣu tó ṣe é gún níyán, katakata kékeré á kọ poro ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo fún yín, ó tán.

PTO wá ńkọ́? Irin eléyín mẹ́fà tó yọ jáde lẹ́yìn nìyẹn, òun ló ń yí rotavator àti slasher tó ń gé koríko. Yíyí 540 ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kékeré fẹ́. Ti Japan sì sábà máa ń ní ju jíà PTO kan lọ, èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó bá lọ fi èyí tó yára jù sí slasher á gbọ́ ariwo. Èyí tó kéré jù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i kí awakọ̀ má ṣì í.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Yanmar àtijọ́ ni mo ní nígbà tí mo ra slasher, mo ń ṣán koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó bàbá mi nítòsí Ìkọ̀lé, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí n dúró, katakata ò dúró, mo tẹ búréèkì, ó ṣì ń tì mí lọ, àfi gbì lára igi kòkó. Ọ̀bẹ tó wúwo yẹn ló ṣì ń yí lẹ́yìn, òun ló wá ń yí jíà, jíà ń yí táyà. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ nǹkan kan! Irin róbótó kan wà tí wọ́n ń pè ní overrunning coupler, àárín PTO àti ṣáàfù, ìyẹn irin gígùn méjì tó wọnú ara wọn tó so PTO mọ́ irinṣẹ́, la ń fi sí, ó máa jẹ́ kí slasher yí tiẹ̀ lọ lọ́tọ̀ tí katakata bá ti dúró. Tí katakata yín bá ti pẹ́ bíi tèmi, ẹ má lo slasher láìsí i.

Ṣùgbọ́n ó máa ń fi kún gígùn, ẹ lè ní láti gé ṣáàfù. Ẹ so irinṣẹ́ mọ́ ọn, ẹ gbé e sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo ibi tó ti kúrú jù àti ibi tó ti gùn jù. Níbi tó ti kúrú jù, kó ṣì ku bí ínṣì kan kó tó kan ìdí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gún bẹ́ríìnì PTO fọ́, níbi tó ti gùn jù, kí irin méjèèjì ṣì wọnú ara wọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ gé méjèèjì dọ́gba, ẹ gé rọ́bà tó bò wọ́n náà dọ́gba. Àwọn wẹ́dà kan á ní kẹ́ ẹ sọ rọ́bà yẹn nù pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́, ẹ má gbà, etí bùbá lásán ti tó láti wé èèyàn mọ́ ṣáàfù.

Ẹnjìnnì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ fọwọ́ kàn án kó tutù, torí àwọn kan á ti mú un gbóná dè yín. Èéfín búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú lè jẹ́ fílítà afẹ́fẹ́ ló dí. Tí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú ẹ̀, ẹ máa lọlé. Ẹ gbé rotavator sókè, kẹ́ ẹ pa ẹnjìnnì, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa ná ọjà bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má bọ́ sábẹ́ ẹ̀ o, tó bá ti balẹ̀ kẹ́ ẹ tó náà tán, háídrólíìkì tó ń gbé e sókè ń jò, ẹ yọ owó ẹ̀.

Ilẹ̀ wa dagun, katakata yìí sì fúyẹ́. Ẹ bu omi sínú táyà ẹ̀yìn, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, yìnyín ò ní mú un dì ní Èkìtì. Ẹ da kọnkéré sínú ike ọ̀dà kẹ́ ẹ fi sí iwájú tí irinṣẹ́ bá wúwo. Tí irin ààbò tó ń gba awakọ̀ là tí katakata bá yí dà bá wà lẹ́yìn ìjókòó, ẹ gbé e dúró, kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì. Tẹ́ ẹ bá ń fa kùkùté, drawbar, irin tá a fi ń fa nǹkan nísàlẹ̀, ni kẹ́ ẹ so ṣéènì mọ́, kì í ṣe top link, torí tó bá fà láti òkè, katakata á yí dà sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí kó tó ráyè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọmọ kankan ò sì gbọdọ̀ gun rotavator, kódà tó bá ń sunkún.